Àwòrán Ọ̀gá Lórí Okùn Tẹlifóònù

Títí di òní, mo kórìíra ohùn tí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn máa ń ké nígbà tó bá ń pe èkejì rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a láyé mọ̀ ọ́n. Á kọ́kọ́ hó, á wá han gooro bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, lẹ́yìn náà á máa mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń rántí ohùn yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ayé mà ti dáa o. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Orí okùn tí ohùn yẹn ń gbà kọjá la ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá kan tí kò ṣẹ̀ wá. Ìríra ni mo fi ń rántí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìríra náà sì jẹ́ ti ara mi.

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹ̀yà ara fìríìjì wọ̀lú ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì mẹ́ta la ní. Èyí tó tóbi jù wà ní Ọ̀jọ́, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Àlàbá. Èkejì wà ní Ìyànà Ìbà. Ẹ̀kẹta wà ní Okokomaiko, lókè ilé alájà kan tí àwọn tó ń ta táyà gba gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí níbẹ̀. "Kọ̀ǹpútà" ni gbogbo wọn ń pè mí. "Kọ̀ǹpútà, wá wo tèmi." "Ṣé Kọ̀ǹpútà ti jẹun?" Ó dùn mọ́ mi nínú. Mi ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, mo ń de táì, mo sì rò pé mo ti débì kan láyé.

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń rìn láàárín ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ayẹjàwò là ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka ọjà tó kù nínú sítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n bá kà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè wà ní Ọ̀jọ́ lónìí, kí wọ́n wà ní Ìbà lọ́la, ṣùgbọ́n Okokomaiko ni wọ́n ti ń lo ọjọ́ tó pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni sítọ̀ tó tóbi jù wà. Ọkùnrin mẹ́ta ni, pẹ̀lú obìnrin kan. Obìnrin náà ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Ó ti ṣe tíṣà rí ní ìlú rẹ̀ lápá Ọ̀yọ́, nítorí náà Mama Tíṣà là ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn wà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní Ọ̀jọ́ tí à ń pè ní sáfà. Inú rẹ̀ ni ẹrù ayẹjàwò kọ̀ọ̀kan wà: lẹ́tà tó ti kọ, àkọsílẹ̀ ọjà tó ti kà, bó ṣe to ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ibi yòówù kó jókòó sí, tó bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun nìkan mọ̀, sáfà á di ẹrù rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí i lórí okùn tẹlifóònù. Bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀ kiri ni àwọn náà ń gbé tiwọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹrù á padà sí Ọ̀jọ́. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ kù sẹ́yìn ní Okokomaiko, torí ẹ̀rù ń ba ọ̀gá àgbà pé àwọn tí a jọ ń ṣòwò á rán èèyàn wá jí iye tí à ń ra ọjà wò. Nítorí náà, àràárọ̀ ni gbogbo ẹrù ń gbéra láti Ọ̀jọ́ bí ẹni pé kò dé ibẹ̀ rí.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹrù wọn kéré. Bí ìṣẹ́jú méje, ó ti dé. Èèyàn á tẹ páswọ́ọ̀dù, á sọ̀ kalẹ̀ lọ ra àkàrà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onítáyà, kó tó gòkè padà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ dè é. A kò mọ̀ pé ayé là ń jẹ yẹn.

Ọdún yẹn ni ọ̀gá àgbà pé ọgọ́ta ọdún, àsìkò náà ni ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ sì fi ara rẹ̀ hàn mí. Alábòójútó ni n ó máa pè é. Bí ọ̀gá àgbà bá sín, òun ni yóò fẹ́ nu imú. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín, òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá máa wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí kò tíì rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ojúure ọ̀gá láyé mi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ju tiwọn lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ fọ ọwọ́ tó bá ti bọ̀ mí lọ́wọ́ tán.

Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú dísìkì méjì. Fọ́tò ọ̀gá àgbà tí wọ́n yà lọ́jọ́ ọjọ́ìbí rẹ̀ ló wà nínú wọn. Ọ̀gá wọ agbádá funfun, ó fọwọ́ kan gbá àgbọ̀n mú, gbogbo òwú ara aṣọ náà ni èèyàn lè kà. Fọ́tò náà tóbi débi pé dísìkì kan ò gbà á, méjì ló gbé e.

"Kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kí o fi eléyìí sójú kọ̀ǹpútà gbogbo òṣìṣẹ́. Kó jẹ́ pé ojú ọ̀gá ni wọ́n á kọ́kọ́ rí láàárọ̀ kí wọ́n tó rí iṣẹ́."

Mo ní, "Sà, ó wúwo. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù díẹ̀."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí lo fẹ́ dín kù? Ọ̀gá lo fẹ́ dín kù?"

Mo ní rárá o, sà. Mo wá bi í bóyá kí n kúkú fi í sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kó jókòó síbẹ̀, kó má máa rìnrìn-àjò. Ó ní rárá, inú ẹrù wọn ni kí n fi í sí, kó máa tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n bá lọ, torí bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ ọ́n. Mo gba dísìkì méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọ̀gá sínú ẹrù gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú méje di ogójì ìṣẹ́jú fún ẹnì kan ṣoṣo ní Okokomaiko. Bí ẹni méjì bá jọ tẹ páswọ́ọ̀dù, ọ̀nà náà tóóró, wọ́n á jọ pín in ni, á sì ju wákàtí kan lọ. Fọ́tò ọkùnrin kan náà ni okùn ń gbé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan ṣoṣo, láti Ọ̀jọ́ dé Okokomaiko, agbádá, òwú, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú, tàbí tẹlifóònù já lágbedeméjì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà.

Ìyẹn nìkan ì bá jẹ́ ìyà lásán. Alábòójútó ló sọ ọ́ di ìkà. Ó ní ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń buwọ́ lù láàárọ̀ ti kún fún irọ́, pé ẹnì kan ń buwọ́ lù fún ẹni márùn-ún, òótọ́ sì ni. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kọ̀ǹpútà ni yóò máa kọ aago tí kálukú bá dé. Ó ní kí n ṣe é. Mo ṣe é. Ìlà àṣẹ bíi mélòó kan ni: tí ẹrù ẹnì kan bá ti dé tán, tí ojú ọ̀gá ti yọ, kọ̀ǹpútà á kọ orúkọ onítọ̀hún àti aago sínú fáìlì kan ní Ọ̀jọ́. Ẹni tí kò bá tíì sí nínú fáìlì náà nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù ti pẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ jù láàárín oṣù kan á gba kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tó bá gba kúẹ́rì mẹ́ta á lọ sílé.

Mo sọ fún un nígbà náà pé ìgbà tí ẹrù parí ni kọ̀ǹpútà ń kọ, kì í ṣe ìgbà tí èèyàn jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣebí kí wọ́n tètè máa dé ni."

Ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ rí ọgbọ́n dá sí òfin. Bàbá kan wà tó ń ṣọ́ géètì wa ní Okokomaiko, Ègùn ni, láti apá Badagry. Òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Kò mọ̀wé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó jẹ́ ayẹjàwò jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ mélòó kan, wọ́n kọ́ ọ ní orúkọ wọn àti páswọ́ọ̀dù wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní eré: tẹ èyí tó wà lábẹ́ ìka yìí, fo méjì, tẹ èyí tó wà létí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Baba Géètì ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Tó bá ti tan jẹnẹrétọ̀ tán, á gòkè, á ṣí kọ̀ǹpútà mẹ́ta fún ẹni mẹ́ta tí wọ́n ṣì ń hanrun nílé wọn. Wọ́n ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Àkàrà yẹn náà ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì páswọ́ọ̀dù wọn fi ń dán fún epo, tí eruku sì bo bọ́tìnnì yòókù. Èmi tó ń fi òwú nù wọ́n, mo lè ka páswọ́ọ̀dù wọn láti ara epo àkàrà. Ó ń rí mi lára. Ẹ má sì jẹ́ n purọ́ fún yín: èmi náà, lọ́jọ́ tó bá kàn mí láti lọ sí Okokomaiko, Baba Géètì ló ń ṣí tèmi.

Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí á wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wọlé ní mẹ́wàá, á máa fi pákò fọ eyín. Fáìlì Ọ̀jọ́ sì ń sọ pé gbogbo wọn ti dé ṣáájú aago mẹ́jọ. Lóṣù kan, wọ́n kọ orúkọ onípákò yìí sára pátákó gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń tètè dé jù. A pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́.

Mama Tíṣà nìkan ni kò dá sí i. Ọ̀tọ̀-Àwórì ló ń gbé. Tó bá fi máa di aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti gun àtẹ̀gùn wa, ó ti pààrọ̀ sálúbàtà rẹ̀ sí bàtà iṣẹ́, ó ti jókòó. Ọkọ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀ nítorí ojú, ọmọ wọn obìnrin kan sì wà ní yunifásítì ní Ìyànà Ìbà. Iṣẹ́ tí ìyá yìí ń ṣe ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó máa ń gbàdúrà kí ó tó tẹ bọ́tìnnì kan.

Onípákò fẹ́ràn rẹ̀, ká sọ òtítọ́. Ó sọ fún un níṣojú mi pé, "Mummy, ẹ kàn sọ páswọ́ọ̀dù yín fún Baba. Ẹ ò ní í jìyà mọ́. Everybody dey do am."

Mama Tíṣà ní, "Ọmọ mi, ìbuwọ́lù mi ni páswọ́ọ̀dù mi. Tí ẹnì kan bá buwọ́ lù fún mi níbi tí mi ò sí, irọ́ la jọ pa. Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n wá sọ kí ni fún Ọlọ́run?"

Onípákò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, Ọlọ́run ò ní kọ̀ǹpútà."

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ: Baba Géètì á ti kó ẹni mẹ́ta sórí okùn kí Mama Tíṣà tó dé. Ìyá náà á wá ṣe ìkẹrin. Àwọn tó ń sùn ló gba ọ̀nà, ẹni tó jí ló ń dúró. Irọ́ wọn ò mọ sára wọn nìkan, òun gan-an ló ń mú kí tirẹ̀ pẹ́. Á tẹ orúkọ rẹ̀ ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Mo ti bá a níbẹ̀ láàárọ̀, tó ká ọwọ́ sórí itan, tó ń wo àmì agogo kékeré oníyanrìn tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá sú u, á wọ sítọ̀ lọ, á ka ọjà sórí bébà, á padà wá, agogo náà á ṣì máa yí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Okokomaiko ni mo ti rí i tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ síwájú mi láàárọ̀ tí kò mọ́ tán.

Ó gba kúẹ́rì àkọ́kọ́. Ó dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọwọ́ tíṣà, ó tò dáadáa, ó ní òun ti ń dé kí aago méje tó lù. Alábòójútó kọ sí i lára pé àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ìkejì. Lọ́jọ́ yẹn ló wá bá mi ní Ọ̀jọ́, nínú yàrá kékeré tí sáfà wà. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

"Kọ̀ǹpútà, ọmọ mi, kí ló dé tí tèmi fi ń pẹ́ báyìí?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà."

"Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kí ló ń gbé tó wúwo tó bẹ́ẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀kùn. Alábòójútó ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé: mà, fọ́tò ọ̀gá ni, àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń sùn. Gbólóhùn kan péré ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó jọ pé fáìlì yín ló pọ̀ jù, mà."

Ó ní, "Háà. Ẹ̀bi tèmi wá ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run bùkún ọgbọ́n orí mi.

Ọjọ́ kẹta, mo wo ẹrù rẹ̀ nínú sáfà. Ó ti pa gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ rẹ́. Lẹ́tà ọdún mẹ́rin, àkọsílẹ̀ gbogbo sítọ̀ tó ti kà láti ìgbà tó ti dé, ìwé tó ń fi kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, tó ti kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, "kọ́kọ́ ṣe báyìí, lẹ́yìn náà ṣe báyìí", gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kò ku nǹkan kan nínú ẹrù ìyá náà mọ́ àyàfi ọ̀gá àgbà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni kọ̀ǹpútà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó ti fáìlì yẹn títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù. Ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè wo ojú ara mi nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Mo ní n ó sọ ọ́ tí oṣù bá parí. Mo ní bóyá wọn ò ní í fún un ní ìkẹta.

Wọ́n fún un ní ìkẹta. Wọ́n pe ìpàdé sí Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan lágogo méjìlá ọ̀sán. Ọ̀gá àgbà jókòó síwájú tábìlì, Alábòójútó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, èmi wà ní ìdí tábìlì pẹ̀lú bébà tí mo ti tẹ̀ jáde láti inú fáìlì náà. Wọ́n ní kí àwọn ayẹjàwò mẹ́ta yòókù wá gbọ́ ọ, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wọn. Ẹ̀kọ́! Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Mama Tíṣà dìde dúró. Ó ní, "Sà, mo ń dé kí aago méje tó lù. Lójoojúmọ́. Ẹ bi Baba Géètì, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi."

Wọ́n ti pe Baba Géètì wá láti Okokomaiko. Ó wọlé, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn. Alábòójútó bi í pé aago mélòó ni ìyá yìí ń dé. Mo rí i tí ó gbé ojú sókè wo Onípákò, Onípákò ò wò ó. Bí bàbá náà bá sọ aago tó rí ìyá náà, wọ́n á bi í níbi tó wà nígbà yẹn àti ohun tó ń ṣe. Ó ní òun kì í wo aago. Ó ní, "Èmi, géètì ni mò ń wò, sà." Mi ò bá a wí. Ẹni tó ń gba ẹ̀kọ jẹ lọ́wọ́ wọn ni, ó sì lọ́mọ.

Ọ̀gá àgbà mú bébà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó. Ó ní, "Mama, ẹ ti pẹ́ lọ́jọ́ méjìdínlógún nínú oṣù kan. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Kò jọ ẹni tó ń bínú, ó jọ ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Àbí ó ń parọ́?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní ìdáhùn. Mo ní i lẹ́nu, mo ní i ní ìka, mo lè ṣí sáfà níṣojú wọn kí n fi hàn wọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo lè ní, sà, ẹ jẹ́ ká lọ wo bọ́tìnnì Okokomaiko, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ wo epo. Alábòójútó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ìgbà tí èèyàn ń ran ọmọ létí ìkíni.

Mo ní, "Ohun tó rí ló kọ, sà."

Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn jù. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rí mi lára ju irọ́ lọ.

Mama Tíṣà wò mí, ó sì jókòó padà. Nígbà tí wọ́n ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ó dáa, sà. Ó bèèrè ẹni tí òun máa fa kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lé lọ́wọ́. Ó wá tẹ̀ lé mi wọ yàrá sáfà, ó ya bébà kékeré méjì, ó kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí méjèèjì, torí pé nínú ìwé òfin ilé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ pé òfin yẹn wà. Ó ní, "Buwọ́ lù ú fún mi pé o ti gbà á." Mo buwọ́ lù ú. Ó ká ẹ̀dà tirẹ̀ sínú báàgì, ó ní kí n máa tọ́jú ara mi, ó sì jáde.

Kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ náà, mo yọ fọ́tò ọ̀gá kúrò nínú ẹrù gbogbo wọn. Ìbínú ni mo fi yọ ọ́, n ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo ní tí Alábòójútó bá bi mí, kó lé èmi náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ti fi oṣù márùn-ún bẹ̀rù iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kọ̀ǹpútà Okokomaiko ṣí kí wọ́n tó ra àkàrà dé. Ariwo sọ. Onípákò gbé mi sókè. Wọ́n ní Kọ̀ǹpútà ti ṣe iṣẹ́ ìyanu, wọ́n ní mo ti lọ jókòó nídìí ìwé ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé ojú ọ̀gá ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dúró de Alábòójútó ní ọ̀sẹ̀ yẹn àti ọ̀sẹ̀ kejì. Òun náà ò rí i. Ojú tó ní kí gbogbo wa máa kọ́kọ́ rí láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ò wò ó rí.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà wá bẹ Okokomaiko wò, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, ó sì yà á lẹ́nu bó ṣe yára. Ó bi mí ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Mo yọ fọ́tò yín kúrò ni, sà, torí pé ó wúwo."

"Fọ́tò wo?"

"Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà, sà. Ti ọgọ́ta ọdún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ṣì ń lo nǹkan yẹn? Ó kàn máa ń tì mí lójú ni. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ já yín kulẹ̀."

Alábòójútó rẹ́rìn-ín, ó ga ju tọ̀gá lọ. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí ló fẹ́ràn yín, sà. Mo bá wọn sọ ọ́ títí." Ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì ṣẹ́jú.

Mo ronú sí i bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́nì kankan tó nílò kí ìyá yẹn pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní mo ti lanu ni, ọkùnrin tí mò ń bẹ̀rù ì bá kàn rẹ́rìn-ín, ì bá ní kí n yọ ọ́.

Lọ́dún Kérésì, ilé iṣẹ́ pín ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa. Wọ́n pe Kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ó tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Àpò ìrẹsì kan ni. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á, mo gbé e relé, ìyàwó mi sè é lọ́jọ́ ọdún, mo sì ní kó tún bù sí i fún mi.